“Ó Máa Ṣiṣẹ́” Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ kan ti ń ká wa lára láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, a ò sì ní gbé e mì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Mẹ́ta péré ni: “Ó máa ṣiṣẹ́.” Bóyá la fi lè rí ẹnì kan nínú wa tó ti ra ráàmù sí láptọ́ọ̀pù rí n'Ìbàdàn tí wọn ò fi gbólóhùn yìí tù ú nínú. Owó á ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ọjà á ti wọ inú ọ̀rá, a ó délé, ẹ̀rọ á sì kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ tiwa. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ní Bódìjà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ṣeé gbójú lé láàárín wa ni HP EliteBook 840 G1 kan, tòkúnbọ̀, tó ní ráàmù 4GB. A ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa, wákàtí lórí wákàtí: ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì orílẹ̀. Ó ku ká dà wọ́n kọ, ká fi àmì ohùn sí wọn, ká tú wọn wò. Ẹ̀rọ ní òun ò ṣe. Tí a bá ṣí ohùn kan, tí a ṣí ìwé tí a ń kọ, tí a tún ṣí ojú ewé méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á há, á máa wò wá bí ẹni tí a jẹ lówó.

La bá dáwó jọ. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹni mẹ́rin ni. A gbé ẹ̀rọ dání, a wọ ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú yìí, a sọ orúkọ ẹ̀rọ náà, a ní a fẹ́ 16GB. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ò yí ẹ̀rọ wò, kò sì bi wá ní nǹkan kan. Ó mú ráàmù 8GB méjì jáde, ó ní, “Ó máa ṣiṣẹ́.” A ní kó bá wa fi sí i ká rí i. Ó ní iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì lépo. A gbà á gbọ́, a sanwó, a lọ.

Nígbà tí a délé, a tú ìdí ẹ̀rọ. Ráàmù méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ fún. A tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Iná Caps Lock ń ṣẹ́jú sí wa. A yọ ọ́, a nù ún, a tún un kì bọ̀. Dúdú náà ni. Lọ́jọ́ kejì a dá ọjà padà, ọ̀gá nawọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Bí a bá fẹ́ èyí tó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ká fi owó kún owó.

Èyí tó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́! Kí wá ni àkọ́kọ́ fẹ́ ṣe?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ló ṣàlàyé fún wa níkẹyìn, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó mú ráàmù náà, ó ní ká ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó kà pé PC3-12800S. Ó wá mú 4GB àtijọ́ tí ẹ̀rọ wa ń lò, ó ní ká ka ìyẹn náà. Ó kà pé PC3L-12800S. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Èyí tó ní L ń fi iná 1.35V ṣiṣẹ́, èyí tí kò ní i ń béèrè 1.5V, irú ẹ̀rọ tiwa kì í sì í fún ráàmù ní iye iná yẹn. Ojú ihò tí wọ́n ń wọ̀ bá ara mu, òòró wọn dọ́gba, iye ẹsẹ̀ wọn jẹ́ 204 kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi wọlé wẹ́rẹ́. Pé nǹkan wọ ihò ò túmọ̀ sí pé ó bá a mu.

Ojú tì wá, ẹ má tàn wá. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé igbá kì í ṣe igba, pé ìgbà yàtọ̀ sí igbà, pé ọkọ ò jọ ọkọ́, ọkọ́ ò jọ ọkọ̀. Ẹni tó bá ṣi àmì kan fi nínú ìdánwò, olùkọ́ á gé máàkì rẹ̀. Àwa tí a lè fi odidi ọ̀sẹ̀ jà lórí ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan, àwa la gbé ráàmù lọ sílé láìka ohun tó wà lára rẹ̀. Ìwé ni bébà kékeré yẹn. Àwa sì ni ọmọ ìwé.

Àríyànjiyàn wa nìyí: ráàmù tó bá ẹ̀rọ mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire. Ohun tí a lè mọ̀ kí owó tó jáde lápò ni. Ọlọ́jà tó bá ní òun ń tà á gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, oníbàárà tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Èyí tó bá sì dákẹ́ nínú àwọn méjèèjì ń kópa nínú ìrẹ́jẹ náà.

Ẹ rìn wọ inú ọjà Bódìjà níbí, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra pákó. Wọn ò ní fa ọ̀kan yọ kí wọ́n ní ó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n á bi yín pé ti òrùlé ni àbí ti àga, ẹsẹ̀ mélòó ni, báwo ló ṣe fẹ́ nípọn tó. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà náà á jẹ́ kí ẹ bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ wò ó bóyá kòkòrò ti dá a lu, kó tó wọ̀n ọ́n sínú kọ́ńgò. Bí ẹni tó ń ta ẹ̀wà bá lè gba ìwádìí, kí ló dé tí ẹni tó ń ta ráàmù ò fi lè gbà á?

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ò tilẹ̀ pọ̀. Mẹ́rin ni.

Èkíní ni ìran. DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í wọ ihò ara wọn. Àmì tí wọ́n gé sí etí wọn yàtọ̀ síra, DDR3 ti láptọ́ọ̀pù ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi agbára ti ọ̀kan bọ inú ihò èkejì, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko, owó bọ́ọ̀dù ló sì máa ń le koko jù níbẹ̀.

Ìkejì ni iná, èyí tó kọ́ àwa lọ́gbọ́n. Tí ìran bá bára mu, ẹ tún wo iye fóòtì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù lọ lórí DDR3 àti DDR3L, torí pé púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìran yẹn. DDR4 ń lo 1.2V, DDR5 ń lo 1.1V.

Ìkẹta ni òdiwọ̀n. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tiwa tó jẹ́ Intel ìran kẹrin ń gba 8GB nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò méjì ló ní, 16GB ló parí sí. Ráàmù DDR3L tó jẹ́ 16GB lẹ́yọ kan wà láyé, ṣùgbọ́n ìran kẹrin ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀gbọ́n tiwa, EliteBook 840 G3, ń lo DDR4, ó sì ń gbà tó 32GB. Ó ní àwọn ẹ̀rọ tí Windows oníbíìtì 32 ṣì wà lórí wọn. Irú wọn ò lè lò ju 4GB lọ, ì báà jẹ́ 64GB lẹ kì bọ inú wọn. Windows ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kì í ṣe ráàmù.

Ìkẹrin ló burú jù: ihò wà níbẹ̀ rárá? Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó tín-ín-rín ni wọ́n ti fi òjé jó ráàmù wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. MacBook Air ò fìgbà kan ní ihò ráàmù láti 2008 tó ti jáde. Dell XPS 13 náà bẹ́ẹ̀. ThinkPad T480 ní ihò méjì, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tó tín-ín-rín, T480s, ní apá kan tó jó mọ́ bọ́ọ̀dù àti ihò kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan náà ló tún wà láàárín wọn o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí kò ní ihò rárá pẹ̀lú 4GB ti ra 4GB títí láé.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní àlàyé. Wọ́n ní ráàmù tó jó mọ́ bọ́ọ̀dù kì í jẹ iná púpọ̀, pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúyẹ́. A gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2024, Lenovo gbé ThinkPad P1 Gen 7 jáde pẹ̀lú LPCAMM2, irú ráàmù kan náà tí kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì ṣeé yọ. Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Ẹni tó ń jó o mọ́lẹ̀ lẹ́yìn èyí mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí ẹ padà wá ra odidi ẹ̀rọ mìíràn. Ìlú òyìnbó ti lo ẹ̀rọ yẹn tán, wọ́n kó o wá fún wa, àwa tí owó wa ò tó ra tuntun la wá jogún ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti kàn pa.

Nísinsìnyí, a mọ ohun tí àwọn kan máa sọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan á ní, “Kí ni ti ọmọ Yorùbá nínú èyí? Ẹ jẹ́ kí àwọn onísáyẹ́ǹsì gbọ́ tiwọn.” Ìsọkúsọ gbáà ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wákàtí kan ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní sítẹ́ríò, ní 44,100 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní bíìtì 16, jẹ́ nǹkan bí 635MB lórí dísìkì. Tí Praat bá kà á wọlé tán, bíìtì 64 ló fi ń tọ́jú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó sì di nǹkan bí 2.5GB nínú ráàmù. Ìjálá wákàtí kan péré ti jẹ ju ìdajì 4GB lọ kí Windows tó bu tirẹ̀. Lóòótọ́, ẹ lè lo ọ̀nà tí Praat fi ń ṣí ohùn gígùn láìkà á wọlé tán, àwa náà lò ó nígbà tí kò sí ohun tí a lè ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló wá nílò ráàmù ju ẹni tó ń tọ́jú ohùn àgbà? Àgbà tó kú ò ní padà wá sun ìjálá fún wa nítorí pé ẹ̀rọ há nígbà tí a fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ọlọ́jà á ní àwọn náà ń forí rù ú: owó ṣọ́ọ̀bù, owó epo, ọjà tí àwọn fúnra wọn rà lápapọ̀ láìdán an wò. A gbọ́. A kì í fi etí kan gbọ́ ẹjọ́ dá. A sì mọ àwọn olóòótọ́ láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ wa ní ohun tí à ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọjà láìdán an wò ò gbọdọ̀ ta á bí ẹni tó ti dán an wò. Kó sọ pé, “Mi ò mọ̀ bóyá á bá tiyín mu, ẹ jẹ́ ká fi sí i ká rí i.” Gbólóhùn yẹn ò ná an ní nǹkan kan. Irọ́ ló ń náni lówó, àwa ló sì ń san án.

Àwọn mìíràn á ní ká sáà ti fara mọ́ ọn, torí pátákó ti wà lára ògiri. Pátákó wo? Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní apá 122. Tí oníbàárà bá ti sọ ohun pàtó tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà ò sì bá ohun náà mu, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Pátákó ò lágbára ju òfin lọ. Àjọ FCCPC ni ìjọba fi ṣọ́ òfin náà, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ibi tí òfin yẹn gbára lé: tí oníbàárà bá ti sọ ọ́. Àwa sọ orúkọ ẹ̀rọ wa lẹ́nu, kò sì sí lórí rìsíìtì. Ohun tí wọ́n kọ fún wa ni “ráàmù méjì”. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀, ọ̀gá ní a ò sọ fún òun. Kí la fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀? Ẹnu wa àti ẹnu rẹ̀ ni. Àìkọsílẹ̀ wa ló gba owó wa lọ, àwa tí a ń kọ̀wé bí iṣẹ́!

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi falẹ̀, torí pé owó ráàmù ò dúró lójú kan. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Samsung, SK Hynix àti Micron, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ráàmù ayé. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó rẹ̀ ti ń gun òkè, nítorí àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀rọ AI ń gbé èyí tó pọ̀ mì. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé òun á jáwọ́ nínú Crucial, orúkọ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ráàmù tí a ń rà lẹ́yọ. Àṣìṣe tó ná wa ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè ná ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ti odidi oṣù méjì.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ráàmù, níbikíbi tí ẹ bá wà n'Ìbàdàn, ẹ yí ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sọ iye owó. Ẹ jẹ́ ká tàn án níṣojú ara wa. Bí ráàmù ẹ̀rọ tí ẹ ń tà bá jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ sọ ọ́ kí a tó rà á.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Tòróńtò, tí ẹ máa ń ṣàánú wa, tí ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sílé: Ọlọ́run á máa bù sí i fún yín. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò. Èyí tó nípọn díẹ̀ tó sì ní ihò méjì sàn fún wa ju èyí tó tín-ín-rín bí ewé tó ní 4GB láéláé.

Ẹ̀yin àbúrò wa, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan jọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows yín, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ẹ ó rí iye ihò tó wà àti iye tí wọ́n ti lò. Ẹ ó rí Form factor: bó bá kà pé SODIMM, ó ṣeé yọ; bó bá kà pé Row of chips, ó ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ yọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ ya bébà ara rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ gbé fọ́tò náà lọ ọjà. Ẹ tún wò ó bóyá ráàmù gan-an ló ń dà yín láàmú. Bó bá jẹ́ dísìkì oníyíyí àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ yín, SSD lè tù yín lára ju ráàmù lọ. Abéèrè kì í ṣìnà.

Tiwa ti parí sí ibi tó parí sí. A tún dáwó jọ, a ra PC3L méjì lọ́wọ́ ẹni tó tan ẹ̀rọ níṣojú wa, a sì rí 16GB lójú rẹ̀ kó tó gba owó. Ìjálá ti ń ṣí báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú ìgbà tó yẹ ká fi kọ orí kẹta, ráàmù méjì àkọ́kọ́ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa títí di òní, wọn ò ṣiṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé “Ó máa ṣiṣẹ́,” ẹ má bá a jà. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ sọ orúkọ ẹ̀rọ yín fún un lẹ́tà-lẹ́tà, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì?”